Gbogbo "A Dúpẹ́" Tí A Sọ Lórí Fóònù

Ìyá mi kò fẹ́ràn ìráhùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, nítorí pé ilé wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Àbújá tí mo sábà máa ń di ẹ̀bi rù.

Ní ìlú wa lẹ́bàá Kàbà, nínú ilé ìyá mi, bí ọmọ bá fẹsẹ̀ kọ, bí ó bá jábọ́ lórí igi, bí ebi bá ń pa á, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ni yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè sọ ohun tó ń ṣe é. Àkekèé ta mí nídìí ìkòkò omi nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo figbe ta. Ìyá mi sáré dé, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Kí la máa ń wí?" Mo wí i, tomijé tikun. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá nǹkan tí wọ́n fi ra á.

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ráhùn nínú aginjù, ejò bù wọ́n ṣán. Ìtàn yẹn kì í jìnnà sí ìyá mi lẹ́nu. Àwọn ni aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan sì ni mo yè nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Obìnrin tó rí gbogbo ìyẹn tó ṣì ń dúpẹ́, ta ni èmi tí n ó máa ráhùn? Bí mo ṣe gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Àbújá nìyẹn, mi ò tilẹ̀ tú u wò.

Àwọn ará ilé máa ń sọ pé Àbújá kò jìnnà sí wa. Lóòótọ́ ni. Ẹni tó bá jáde láàárọ̀ lè jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdálẹ̀ ni ìdálẹ̀ ń jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé Nyanya, ní ẹ̀yìn ìlú Àbújá, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá bá pàdé lọ́nà láàárọ̀, mo ń tẹ orúnkún díẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ o." Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Obìnrin kan tilẹ̀ fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Bàbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri àdúgbò nìkan ló ń dá mi lóhùn. "Sànnu," ló máa ń wí, tẹ̀rín tẹ̀rín. Ní ìlú tí èrò pọ̀ tó yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ mi lóhùn, n kò sì gbọ́ èdè rẹ̀.

Inú yàrá kan ni èmi àti àwọn obìnrin méjì mìíràn ń gbé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí gbogbo àdúgbò á ti máa sáré lọ bá bọ́ọ̀sì, bí ẹni pé iná ń jó lẹ́yìn wọn. Èmi kì í bá wọn sáré ní tèmi, nítorí ilé ìwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kò jìnnà. Mo rò pé ìyẹn ni oríire mi. Kò tíì pé ọdún kan tí onílẹ̀ fi gba ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n wó ilé ìwé náà, ọ̀gá wa obìnrin sì kó gbogbo wa jọ sídìí àga ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n tò síta, ó ní kí a gbàdúrà. A gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú gbé àpò rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń retí ìpè mi. Lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń dúró lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára díẹ̀. Bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

"Òkun o."

"Òkun, Ìyá."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Ìyá. Tiyín ńkọ́?"

"Àwa dúpẹ́ gidi. Ọkọ ńkọ́?"

"Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀."

"Ẹ̀hẹn. Kò ní pẹ́ parí iṣẹ́."

A óò rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbàdúrà gígùn fún mi, ó parí. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n wó ilé ìwé, ohun tí mo sọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan kò yí padà. Wọ́n ní iṣẹ́ ńkọ́, mo ní a dúpẹ́. N kò sì mọ̀ pé mo ń parọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgbàgbọ́ ni mo ń lò.

Ṣọ́ọ̀ṣì mi náà kò ràn mí lọ́wọ́. Ìsìn Yorùbá ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Èkìtì àti Ìjẹ̀bú pọ̀ níbẹ̀, àwa ará Òkun náà sì pọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹnu mi ti máa ń sinmi láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí pásítọ̀ wa máa ń tẹnu mọ́, pé kéèyàn má fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi. Bí o bá ń ṣàìsàn, sọ pé ara rẹ le. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣófo, sọ pé o ní. Nígbà tí mo wá rí iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti oúnjẹ sísè nílé ìdílé kan ní Life Camp, àdúgbò àwọn olówó, mo jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Mo ní Ọlọ́run ti ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ tuntun fún mi ní Life Camp. Gbogbo ìjọ hó yèè. Arákùnrin kan ṣẹ́jú sí mi lẹ́yìn ìsìn pé nígbà tí mo bá ra mọ́tò, kí n má gbàgbé òun. Mo ní n kò ní gbàgbé ẹ.

Ìyàwó ilé tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ará Ìjẹ̀bú, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé kì í wo ojú èèyàn ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, a máa jáde láàárọ̀ kùtù, a sì máa wọlé lálẹ́ pẹ̀lú fóònù létí. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ Yorùbá tí mo ń sọ sí wọn, ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ mi ń lọ, kì í padà wá. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń sá aṣọ lórí okùn lẹ́yìn ilé, tí mo máa ń dá sọ̀rọ̀ kí n lè gbọ́ ohùn ìyá mi nínú ohùn ara mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdáwà a máa kọ́ èèyàn ní ìṣe wèrè.

Bó bá sì di ọjọ́ Àìkú, a dúpẹ́.

Mo lọ sílé ní Kérésì ọdún kan. Ìyá mi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró níwájú wọn láìsọ̀rọ̀, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò mí dáadáa. Wọn kò sọ nǹkan kan. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni?" Wọ́n fò dìde, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní oòrùn ló ń tàn sí wọn lójú. Ojú ọ̀run ti ṣú lọ́jọ́ náà. Mo rí i pé ó ti ṣú, àmọ́ ọkàn mi kò bá a lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n se ẹ̀wà. Ẹ̀wà ìyá mi kì í ní òkúta. Wọ́n máa ń ṣà á lórí atẹ títí wọ́n á fi mọ hóró kọ̀ọ̀kan lórúkọ, èmi ni mo sì ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn, mo gé òkúta jẹ, eyín mi ró gbàù. Mo tu ú sọ́wọ́, mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa lọ sí Àbújá láìléyín ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá Débọ̀, aládùúgbò wa, tó wà nídìí iná, kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyá mi, ó tún wo ilẹ̀. Mo rí ìyẹn náà.

Mo bi wọ́n léèrè nígbà tó yá bóyá ojú wọn ń dùn wọ́n.

"Ojú tí mo fi ń ka Bíbélì lójoojúmọ́? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Lóòótọ́, gbogbo ìdájí ni wọ́n ń ṣí Bíbélì lórí ẹsẹ̀, wọ́n sì ń kà á sókè ketekete. Ẹni tó ti ka ìwé kan fún ogójì ọdún lè kà á láìwò ó. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ mọ̀, kí n sọ tòótọ́. Ohun tí mo ń bò fún wọn ti pọ̀ débi pé n kò ní ojú láti fi tú tiwọn.

Oríire wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ilé Life Camp bá mi nídìí tábìlì lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin bí wọ́n ṣe ń pín ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó lè kà á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́. Ó ní, "Ṣé tíṣà ni ẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Láti ìgbà tí o ti ń fọṣọ wa, o ò sọ." Mo ní ẹ ò bi mí, mà. Ó wo ojú mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kí oṣù tó parí, ó ti bá mi bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń darí ilé ìwé kan ní Lugbe, wọ́n sì gbà mí.

Ẹ bá mi yọ̀ níbí, nítorí èmi náà yọ̀. Mo gba yàrá tèmi ní Lugbe, èmi nìkan. Mo ní kọ́kọ́rọ́. Mo ra sítóòfù onígáàsì, mo sì tanná sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo rà á láìgbé nǹkan kan lé e, mo kàn ń wò ó. Gbogbo ẹni tó ti gbé Nyanya ní mẹ́ta-mẹ́ta nínú yàrá kan rí á mọ ohun tí mo ń sọ.

Ohun tó kàn tí mo rà ni fóònù olójú gbalaja fún ìyá mi. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ibi tí mo dé. Ẹnì kan láti ìlú wa bá mi gbé e lọ, mo sì bẹ ọmọ Màmá Débọ̀ kan kó máa bá wọn ṣí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo pè wọ́n lórí fídíò. Ọmọ náà gbé fóònù dúró níwájú wọn, ó sì lọ. Mo rí ojú ìyá mi. Wọ́n ti rù, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ ń rí mi?"

"Mo ń rí ọ kedere. O mà ti sanra o, a dúpẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí fóònù káàkiri. Mo ní, ẹ wo bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì náà dára. Mo ní, ẹ wo fèrèsé. Wọ́n ní atẹ́gùn á máa wọlé dáadáa. Níbẹ̀ ni iná ti lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú níta, mo sì ti fa kọ́tíìnì bo fèrèsé, n kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọwọ́ ara mi. Mo fẹ́ ní kí wọ́n má bínú, kí n wá tọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìyá mi kò dákẹ́.

"Ilé yìí mà rẹwà o. Ìwọ náà wo bí ojú rẹ ṣe ń dán. Aṣọ yẹn yẹ ọ́. Mo ń rí ọ, ọmọ mi, mo ń rí ọ kedere."

Mo dúró nínú òkùnkùn. Mo ní, "Ìyá."

"Hẹ̀n?"

"Irú aṣọ wo ni mo wọ̀?"

Wọ́n ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ohùn wọn sì ti yí padà. Mo gbọ́ bí àkùkọ wọn ṣe ń ké lẹ́yìn ilé.

Èmi fúnra mi lọ mú wọn wá. Ní ilé ìwòsàn ojú tí a lọ ní Àbújá, dókítà obìnrin kan tó ń sọ Hausa ló wò wọ́n. Ó di ọwọ́ wọn mú bó ṣe ń mú wọn lọ sídìí ẹ̀rọ, ó ń ní, "Sànnu, Mama. Sànnu." Ó fi èdè òyìnbó sọ fún mi pé kí n bi wọ́n ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n. Ìyá mi ní, "Sọ fún un pé a dúpẹ́."

"Ìyá, kì í ṣe ohun tó bèèrè nìyẹn."

"Ìyẹn ni kí o sọ fún un."

Dókítà ń wo ẹnu mi. Mo sọ fún un pé ìyá mi ní àwọn dúpẹ́. Ó pa ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì, ó ní, "Kai, Mama," ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Lẹ́yìn tó yẹ̀ wọ́n wò tán, ó mú mi jókòó, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Àìsàn ojú kan ni tí kì í dun èèyàn, tó máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Èyí tó ti jẹ kì í padà. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n lè dá dúró, bí èèyàn bá tètè wá. Ó ní nǹkan kan kò ṣẹ́kù nínú ti ìyá mi. Mo bi í pé ká ní ọdún méjì sẹ́yìn ni a wá ńkọ́. Ó kọ́kọ́ ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Mo tún bi í. Ó ní, ká ní ọdún méjì sẹ́yìn ni, wọn ì bá ṣì máa rí ọ.

Kérésì yẹn ni ọdún méjì sẹ́yìn. Kérésì elẹ́wà olókùúta.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, inú bí mi. Mo jókòó ti ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì, mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Mo bi yín. Mo bi yín lẹ́nu yín."

Wọ́n ń fi ọwọ́ ra etí ìró wọn. Wọ́n ní, "Màmá Débọ̀ wá sí Àbújá kí o tó wálé ní Kérésì ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Life Camp. Ó rí ọ lẹ́yìn ilé olówó kan tí ò ń sá aṣọ wọn. Ó ní o rù bí igi. Kò jẹ́ kí o rí òun, kí ojú má baà tì ọ́. Ó dé, ó sọ fún mi. Ọjọ́ Àìkú yẹn, mo ní iṣẹ́ ńkọ́. O ní a dúpẹ́." Wọ́n jọ̀wọ́ ìró náà. "Mo wá ní, ọmọ tó ń ru irú ẹrù báyìí tí kò fẹ́ kí n mọ̀, ṣé èmi ni kí n tún gbé ọ̀rọ̀ ojú mi lé e lórí? Mo ní kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ná."

Mo wo iwájú. Àwọn èèyàn ń kọjá, nọ́ọ̀sì kan ń pe orúkọ. Èmi bo tèmi mọ́lẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Àwọn náà rí i pé mo bò ó, wọ́n wá bo tiwọn kí ọkàn tèmi lè balẹ̀. Ìfẹ́ ni ní ìhà méjèèjì, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ká ní ẹnì kan nínú wa tilẹ̀ jẹ́ ìkà, n ì bá rí ẹni tí n ó bínú sí.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an láti ìgbà náà, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ibi tí mo bá a dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe pásítọ̀. A ní kí Kristẹni máa bá ara wọn gbé ẹrù. Ó dára. Ta ló lè bá ọ gbé ohun tí o fi aṣọ bò? Jésù fúnra rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú un, kò sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ó sọ fún wọn pé ìbànújẹ́ fẹ́ pa òun, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun jókòó. Ọmọ Ọlọ́run sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi, mo ní ìgbàgbọ́ ju ìyẹn lọ! Ọpẹ́ dára, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n kí á dúpẹ́ kí a má baà sọ òtítọ́, ìyẹn kì í ṣe ọpẹ́, ìlẹ̀kùn títì ni. Ká ní mo ti sọ fún ìyá mi ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ yẹn pé, "Ìyá, iṣẹ́ ti bọ́, ẹ̀rù ń bà mí," wọn ì bá sunkún, wọn ì bá gbààwẹ̀. Wọn ì bá sì ṣì máa ríran lónìí, nítorí wọn ì bá mọ̀ pé a lè sọ irú rẹ̀ fún ara wa.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé báyìí, ní Lugbe. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tuntun wá kí wọn lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé. Wọ́n gbàdúrà dáadáa, Ọlọ́run á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n arábìnrin kan di orí ìyá mi mú, ó ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́! Ẹ ní, mo ríran!" Ìyá mi, tí kì í bá àlejò jiyàn, sọ ọ́. "Mo ríran." Gbogbo wọn ní àmín. Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ, ìyá mi nawọ́ láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì na ọwọ́ náà sí ògiri. Arábìnrin náà yára sún síbẹ̀ kó lè bọ̀ ọ́. Mo sìn wọ́n dé ẹnu géètì.

Láàárọ̀ kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́, mo máa ń ka Bíbélì fún ìyá mi. Àwọn ni wọ́n ń yan ibi tí n ó kà, àwọn ni wọ́n sì ń tọ́ mi sọ́nà bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan. Ní oṣù tó kọjá, n kò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n ní kí n ka ti ọkùnrin afọ́jú tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò. Mo kà á. Ó ń ké pe Jésù, àwọn èrò ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó tún kígbe sí i. Jésù dúró, ó ní kí wọ́n pè é wá, ó sì bi í ohun tó fẹ́ kí òun ṣe fún un.

"Tún ibẹ̀ kà," ni ìyá mi wí.

Mo tún un kà.

"Ṣé Jésù kò rí i pé afọ́jú ni?"

"Ó rí i, Ìyá."

"Ó sì tún bi í."

"Ó tún bi í."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ọkùnrin yẹn kò ní a dúpẹ́. Ohun tó ń ṣe é ló sọ. Ó gbọ́n jù mí lọ."

Mo fẹ́ pa Bíbélì dé kí n lọ wẹ̀, àsìkò ti ń lọ. Wọ́n ní, "Dúró. Báwo ni ojú rẹ ṣe rí báyìí?"

Mo fẹ́ sọ pé ó wà dáadáa. Ó ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Mo ti gbó, Ìyá. Ewú ti yọ níwájú orí mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wọlé. Ọ̀nà méjì ti wà lábẹ́ ojú mi tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n nawọ́, mo sì gbé ojú mi sún mọ́ wọn. Wọ́n fi ìka wọn kan iwájú orí mi, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n rọra ń lọ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ojú tí wọ́n ń wá kò sí níbẹ̀. Ojú ọmọdébìnrin tó kúrò nílé ni wọ́n mọ̀. Èyí tí ń bẹ lọ́rùn mi yìí, wọn kò rí i rí.

"Ó dùn mí," ni wọ́n wí. "Ó dùn mí wọra. Mo fẹ́ rí ọ. Inú ń bí mi sí Ọlọ́run, kí ó dárí jì mí, inú ń bí mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ mi, ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti lọ kọ́ mi, ni kí n sáré ní, "Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Ó dun èmi náà, Ìyá." Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé orí lé èjìká wọn, àwa méjèèjì sì sunkún títí oòrùn fi yọ dé ojú fèrèsé. Kò sí ejò kankan tó wọlé wá bù wá ṣán.

Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé dúró lẹ́nu géètì, ó wo ojú mi tó ti wú, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un.